Kí ni àádọ́ta ọ̀kẹ́ gan-an?

Ẹnì kan láti Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀, ló bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹnì kan jẹ 'àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà' nínú ìdíje. Wọ́n ní mílíọ̀nù kan ni. Ọ̀kẹ́ wo ló wà níbẹ̀? Àbí àsọdùn ni?"

Kì í ṣe àsọdùn o, àbúrò mi. Àpò ni ọ̀kẹ́. Láyé owó ẹyọ, àpò tí 20,000 ẹyọ wà nínú rẹ̀ ni ọ̀kẹ́ kan, tí àwọn mìíràn ń pè ní ẹgbàáwàá. Kó irú àpò bẹ́ẹ̀ jọ ní àádọ́ta, ó di 1,000,000. Ẹyọ kan á wọn gíráàmù kan ó lé díẹ̀, nítorí náà ọ̀kẹ́ kan á ju ogún kílò lọ: ẹrù orí ẹnì kan. Olówó tó bá fẹ́ kó mílíọ̀nù ẹyọ láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, àádọ́ta alárù ni yóò tò sójú ọ̀nà. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú orúkọ náà nìyẹn, ó ń wúwo lẹ́nu.

Àwọn tó ń ka owó ẹyọ máa ń kúnlẹ̀ ti òkìtì rẹ̀, wọ́n á máa fà á márùn-ún márùn-ún. Nígbà ogún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún méjì, wọ́n á gbá a pọ̀ di igba. Igba mẹ́wàá di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́. Ìyá ìyá mi kò bá owó ẹyọ láyé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ka obì tó ń tà nìyẹn: ọwọ́ á bọ inú agbọ̀n, márùn-ún á jáde, ètè rẹ̀ á máa mì. Bí o bá kí i lásìkò náà, o ti dá ẹjọ́ sílẹ̀, àfi kó tún un kà.

Ọwọ́ yẹn ló mọ nọ́ńbà náà. Bí o bá fọ́ 1,000,000 wẹ́wẹ́, kìkì 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà lo máa bá níbẹ̀, tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn. Abájọ tó fi pín sí ogójì ogójì, ìyẹn okùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó di 25,000 okùn géérégé. Iye nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù jẹ́ 49: àádọ́ta ó dín ẹyọ kan. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Wàyí o, pín in fún ọmọ mẹ́ta. 333,333 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, náírà kan ṣẹ́ kù, èyí tí kò ra gúgúrú mọ́. Fún ọmọ méje, 142,857, náírà kan tún ṣẹ́ kù. Mẹ́sàn-án, mọ́kànlá, mẹ́tàlá: ẹyọ kan náà ni, torí pé gbogbo wọn ló pín 999,999 dọ́gba. Mẹ́tàdínlógún, nọ́ńbà ìtàdógún, ló kọ̀ ní tirẹ̀: mẹ́sàn-án ló ń fi sílẹ̀.

Àsọdùn tí o ń wá, inú "ọ̀kẹ́ àìmọye" ló wà. Bí wọ́n bá ní ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ló pé sí Ẹnuwá lọ́jọ́ Ọlọ́jọ́, kò sẹ́ni tó kà wọ́n.