Èsì: Ṣé ìgbà láńtánì dùn tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?

Àbúrò, o béèrè bóyá kíkàwé pẹ̀lú láńtánì láyé ọdún 1970 sí 1980 dùn lóòótọ́. Ó dùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló kọ́kọ́ jẹ́.

Kílẹ̀ tó ṣú lọmọdé ti ń fọ gíláàsì: wọ́n á fi bébà nu èéfín inú rẹ̀, wọ́n á wá fi ọṣẹ àti eérú kíkúnná fọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá, bí ẹ̀kán omi kan péré bá kan gíláàsì tó ti gbóná, ó sán nìyẹn (ta ni yóò ra òmíràn?). Lẹ́yìn náà, sísọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gé orí òwú kó tẹ́jú. Bí igun kan bá ga ju èkejì lọ, iná á yọ ìwo, ẹ̀gbẹ́ gíláàsì yẹn á sì dúdú. Ẹni tó bá yí òwú sókè jù, èéfín ló fẹ́, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀; kẹrosíìnì á sì tètè tán.

Ọmọ mẹ́rin, márùn-ún ló ń yí láńtánì kan ká, ẹ̀gbọ́n á máa kọ́ àbúrò ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀. Èyí ló sọnù jù lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n ojú á máa ta, ihò imú á dúdú láàárọ̀. Èyí tó wá burú jù ni kẹrosíìnì tí wọ́n fi pẹtiróòlù lú: ooru pẹtiróòlù máa ń gbiná kíákíá, àtùpà á bú gbàù, ọ̀pọ̀ ilé ló sì ṣọ̀fọ̀ nítorí rẹ̀.