Ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò ló fi hàn pé mi ò nígbàgbọ́?

Opó kan kọ̀wé sí wa láti Òkèlérìn, Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló di rọpárọsẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ lára, ọsibítù ni bàbá sì kú sí. Níbi ìpàdé àdúrà, ìyá àdúrà kan sọ fún un pé ká ní orí òkè ni wọ́n gbé e lọ ni, kò ní kú, pé ọgbọ́n ènìyàn ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ó sì ka ẹsẹ Bíbélì kan sí i létí. Obìnrin yìí náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ọjọ́ yẹn ló ti kó oògùn rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, tó tì í sẹ́yìn àpótí aṣọ. Ó ní: “Ṣé èmi ni mo pa ọkọ mi? Kí ni Ọlọ́run fẹ́ kí n ṣe?”

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa ọkọ yín. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀, ẹ ń gbàdúrà fún un tọ̀sán-tòru. Kí ló tún kù tẹ́ ẹ bá ṣe?

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n kà sí yín létí, 1 Kọ́ríńtì 1:25, òótọ́ pọ́ńbélé ni: ọgbọ́n Ọlọ́run ju ti ènìyàn lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 18. Ọ̀rọ̀ àgbélébùú ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀, kò bá oníṣègùn jà. Lúùkù tí í ṣe oníṣègùn wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì pè é ní olùfẹ́. Ó ní kí Tímótì máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà, tí Ọlọ́run tipasẹ̀ rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ aláìsàn sàn, fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù lórí àìsàn. Kò bú u pé kò nígbàgbọ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, Ìjọ Onítẹ̀bọmi tó dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ sílẹ̀ ní 1898 náà ló rán Dókítà George Green wá ní 1907. Ìwàásù àti ìtọ́jú aláìsàn jọ rìn ni.

Ohun tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹni tó ní ọgbọ́n ènìyàn ò tó nǹkan ló tún mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè. Ta ló sọ fún un? Ṣé òun kì í ṣe ènìyàn ni? Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ 7 tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n lanu, ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn, Ọlọ́run sì bínú sí wọn. Jóòbù alára, Ọlọ́run bi í pé níbo ló wà nígbà tí òun fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ìdí ìyà náà fún un. Àwa tá a ka orí kìíní ìwé Jóòbù la mọ̀ ọ́n. Àwámáridìí ni Olúwa! Mi ò mọ ìdí tí ọkọ yín fi lọ. Ìyá àdúrà náà ò mọ̀ ọ́n.

Nípa oògùn, ẹ má fi falẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè ga kọjá ààlà kí orí má sì fọ́ni, kéèyàn ṣì máa tajà lọ́jà Tákíé. Dídá oògùn dúró lójijì sì lè mú kó tún ga sí i. Ẹ lọ sí ọsibítù lọ́la kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà láìfi bò pé ẹ ti pa oògùn tì. Ohun tó bá ní kẹ́ ẹ lò ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí pásítọ̀ yín náà gbọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin nìkan lè má jẹ́ opó tí wọ́n ń sọ irú rẹ̀ fún nínú ìjọ náà, ó sì ṣeé ṣe kí òmíràn ti da oògùn tirẹ̀ nù.