Ẹlẹ́rìndòdò tí kò ní ṣúgà: kí ló ń ṣe fún eyín?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti pa ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà tì. Èyí tí kò ní ṣúgà ló ń wà lórí tábìlì mi níbi iṣẹ́, màá máa mu ún díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dọ̀sán. Bí mo bá ti mu ún tán, mo máa ń fọ eyín lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá mu omi tútù, eyín á kan mí, etí eyín iwájú mi sì ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ pa ṣúgà tì. Àmọ́ ásíìdì, èròjà kíkan inú ẹlẹ́rìndòdò, ló ń bá eyín yín jà, òun kò sì bá ṣúgà lọ. Ẹ ka ara ìgò yẹn: ẹ ó rí phosphoric acid tó bá jẹ́ kola, tàbí citric acid tó bá jẹ́ èyí tó ń ta bí ọsàn. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó ni pH. Omi lásán jẹ́ nǹkan bí 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Bí inú ẹnu bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 5.5, awọ líle tó bo eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Kola oníṣúgà sún mọ́ 2.5, aláìníṣúgà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 3 lọ.

Itọ́ ló ń ṣe àtúnṣe. Ó ń ṣan ásíìdì kúrò, ó ń dá kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú eyín le, padà sára eyín, ṣùgbọ́n ó lè gbà á tó ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan. Ẹni tó mu ìgò kan tán nídìí oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀kan ni itọ́ rẹ̀ á ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ún látàárọ̀, kí itọ́ tó ṣe ti àkọ́kọ́ tán, òmíràn ti dé.

Búrọ́ṣì ojú ẹsẹ̀ yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ jù. Awọ eyín tí ásíìdì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ti rọ̀. Bí búrọ́ṣì bá gbá a, yóò gbá a lọ ni. Ẹ fi omi lásán ṣan ẹnu, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, búrọ́ṣì rírọ̀, ìṣẹ́jú 2, ọṣẹ ìfọyín tí fluoride rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) tó 1,350 sí 1,500 ppm, ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ọṣẹ náà. Ẹ tu ìfófòó dànù, àmọ́ ẹ má fi omi ṣàn án kúrò, torí fluoride tó kù lára eyín lẹ ń fẹ́.

Awọ tó rọ̀ lè le padà. Èyí tó ti lọ kì í hù mọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà eyín wo etí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn kó tó máa ṣẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ ọdún méjì ni tèmi. Kì í sùn láìfi fídà omi èso sẹ́nu. Mo rí ìlà funfun bí ẹfun nídìí eyín òkè rẹ̀, lẹ́bàá èrìgì. Ṣé ìdọ̀tí ni?

Ìdáhùn: Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu eyín náà gbẹ. Bí ìlà yẹn kò bá kúrò, tí kò dán bí ibi yòókù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ihò. Bí ọmọ bá sùn, itọ́ rẹ̀ á dín kù gan-an, omi dídùn á sì dúró yí eyín òkè ká mọ́jú. Ahọ́n máa ń bo ti ìsàlẹ̀. Kòkòrò inú ẹnu, èyí tí ojú lásán kò lè rí, á máa fi ṣúgà yẹn ṣe ásíìdì. Omi èso tí wọn ò fi ṣúgà sí náà ní ṣúgà tirẹ̀.

Bí ẹ bá gba fídà lójijì, ilé ò ní sùn. Ẹ máa bu omi là á: òru méjì àkọ́kọ́, kí omi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, òru méjì tó tẹ̀ lé e, ìdajì, lẹ́yìn náà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, títí yóò fi ku omi lásán. Ẹ fi ọṣẹ oní-fluoride tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti kó tó sùn. Oògùn olómi dídùn, ẹ fún un ṣáájú fífọ eyín alẹ́. Ìlà funfun ṣì lè padà sípò, ṣùgbọ́n dókítà eyín ni kó wò ó. Bó bá ti ń dúdú tàbí tó ti ní kòtò, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ rárá.

Ìbéèrè: Yìnyín tí mo máa ń rún ńkọ́? Omi ṣáà ni.

Ìdáhùn: Kò ní ṣúgà, kò sì kan, àmọ́ líle rẹ̀ lè mú kí eyín sán, pàápàá eyín tí wọ́n ti dí ihò rẹ̀. Bí nǹkan bá ń gún yín léyín nígbà tí ẹ bá gé nǹkan jẹ tí ẹ sì ya ẹnu, ó ṣeé ṣe kó ti sán. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ lẹ́nu.