Ṣé ẹni tí máàkì kírẹ́díìtì rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bó ṣe ń san gbèsè hàn) jẹ́ 540, tí báńkì méjì sì ti kọ̀ fún, lè rí káàdì kírẹ́díìtì gbà ní Amẹ́ríkà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣì lè rí gbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ní báńkì méjì ti kọ̀ fún yín, ẹ sinmi ìbéèrè káàkiri ná: gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè fún káàdì ni wọ́n ń yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò, àmì rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún ọdún 2.

Èyí tó máa rọrùn fún yín jù ni secured card. Ẹ ó fi owó dógò, $200 ló wọ́pọ̀, iye yẹn náà ni wọ́n sì sábà máa ń jẹ́ kí ẹ ná mọ. Owó yín ni o. Tí ẹ bá ti káàdì náà pa láìjẹ gbèsè, ẹ ó gbà á padà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn ènìyàn. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò ní gbé máàkì yín sókè.

Tó bá dọ́wọ́ yín, ẹ máa fi ra nǹkan kékeré, bí epo ọkọ̀ $20, kí ẹ sì san án tán kí ọjọ́ tó pé. Sísan gbèsè lásìkò ló kó 35% nínú máàkì FICO, irú máàkì kírẹ́díìtì tí àwọn báńkì ń lò jù.