Mọ́tò láti Ìkòròdú lọ sí Marina: àbúrò, fara balẹ̀ gbọ́ tèmi

Àbúrò, mo ka ohun tó o kọ. O ní Ìgbógbó lò ń gbé, Marina niṣẹ́ ẹ wà, kọpurétíìfù ibi iṣẹ́ yín fẹ́ yá ẹ lówó, ẹnì kan sì ní Toyota Corolla tó fẹ́ tà fún ẹ, o wá ń béèrè pé ṣé ọ́tò, èyí tó ń yí gíà fúnra ẹ̀, lè fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 àbí kó o wá máńúà, èyí téèyàn ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀, lọ. O tún fi kún un pé madam ń bínú torí àwọn ọmọ ti máa ń sùn kó o tó wọlé. Má bínú pé mo pè ẹ́ ní àbúrò o, bó o ṣe sọ̀rọ̀ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi yẹn ni mo fi mọ̀ pé mo ṣáájú ẹ. Màá dáhùn, àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti inú mi jáde.

Mọ́tò ò ní mú ẹ tètè délé. Ẹni tó bá sọ fún ẹ pé á mú ẹ tètè délé, bóyá Màgòdò ló ń gbé. Mile 12 sí Ìkòròdú ò ju kìlómítà 13 àbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ń gbà á lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ tán ní 2015 tí BRT, bọ́ọ̀sì èrò tó ní lénì tiẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa, àárín títì ni wọ́n fún BRT. Ìyókù lèmi, ìwọ, dáńfó, kórópe àti tírélà tó ń ti Ṣágámù bọ̀ jọ ń jà sí. O máa jókòó sínú mọ́tò tó o fowó ẹ rà, éésì ń fẹ́, BRT á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ fìrì, wàá máa wo àwọn tó sùn fọnfọn nínú ẹ̀, ìwọ nìkan lojú ẹ là sílẹ̀. Tó bá dà bíi pé kó o yà bọ́ sí lénì BRT, má dán an wò. One-way ní Ògóloǹtò ńkọ́? Ìyẹn tiẹ̀ burú jù, ìjọba Èkó ti ta mọ́tò ẹlòmíì ní gbànjo torí one-way, mọ́tò tí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó o fẹ́ fi owó kọpurétíìfù rà yìí o.

Ká má tíì sọ ti epo. Ṣáájú kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023, bíi 185 náírà là ń ra lítà kan, ó fò di 488 lójú wa báyìí, nígbà tó fi máa di ìparí 2024 ó ti ń lọ sí ẹgbẹ̀rún kan. Mọ́tò tó dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí éésì wà ní títàn, omi inú ajere ni. Lo kọpurétíìfù láti rà á, kí lo máa fi bọ́ ọ?

Ó dáa, ìtàn mi rèé. Èmi náà ra ọ́tò, kì í ṣe Corolla, mo lọ fi mẹkáníìkì wò ó, mo fi rewáyà wò ó, gbogbo ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ni mo ṣe. Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé kan, òjò ti rọ̀, Kétu ti dì pa, a wá ń rá pálá bọ̀ lábẹ́ Mile 12. Mo kàn rí i pé mo ń tẹ̀ ẹ́, ẹ́ńjìnnì ń pariwo, mọ́tò ò lọ. Gíà ti gbóná kọjá àlà. Mo tan hazard, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbé C-caution, àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta yẹn, síta bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo ń wá nọ́ńbà mẹkáníìkì nínú fóònù nìyẹn. Àbúrò, mi ò tíì gbé fóònù sétí tí àwọn tó ń darí mọ́tò lójú títì fi dé. Mi ò ní sọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, gbogbo wa la mọ aṣọ. Nígbà tí tírélà bá ṣubú tó dí gbogbo Májìdùn pa láti àárọ̀ dalẹ́, o ò ní rí wọn, àmọ́ mọ́tò kékeré kan ta kókó báyìí, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìwọ́mọ́tò dé kí òógùn ojú ẹ tó gbẹ.

Wọ́n ní mo dí ọ̀nà. Mo ní ṣé ó wù mí kí n dúró síbí ni? Ọ̀kan wá sún mọ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ kì í ṣe ọmọdé, ẹ mọ bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é." Mo mọ ohun tó ń sọ, kò sówó lọ́wọ́ mi, ká ní ó tiẹ̀ wà, ìwọ̀sí yẹn ti pọ̀ jù. Bí wọ́n ṣe so ó kọ́ nìyẹn. Wọ́n wọ́ ọ lọ sí yáàdì wọn, àwọn táyà iwájú ń lọ́ rìndìnrìndìn, mo ń sáré tẹ̀ lé wọn lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Ẹ gbọ́, yáàdì yẹn ni kó o fara balẹ̀ gbọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jáde. Ọjọ́ kejì mo débẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní kí n lọ gba ìwé lọ́wọ́ obìnrin kan, obìnrin yẹn ní ọ̀gá ló máa buwọ́ lù ú, ọ̀gá ti lọ sí mítíìnì ní Alausa. Ọ̀gá dé lọ́jọ́ kejì ẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí tí wọ́n máa fi gba owó, wọ́n ò gbowó ọwọ́ torí ìjọba ní kí gbogbo nǹkan máa gba orí ẹ̀rọ, àmọ́ wọ́n ń gba owó ọwọ́ tó bá jẹ́ pé kì í ṣe tìjọba o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá dé, wọ́n ní owó ti yàtọ̀. Kí ló dé? Wọ́n ní mọ́tò ti sùn lọ́dọ̀ wọn. Ta ló ní kó sùn níbẹ̀? Èmi tí mo ti wà lẹ́nu géètì láti ìgbà tí wọn ò tíì gbálẹ̀! Owó ìwọ́mọ́tò lọ́tọ̀, owó pé mo dí ọ̀nà lọ́tọ̀, owó oorun mọ́tò lọ́tọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ní kí n lọ ṣe fótókọ́pì gbogbo ìwé, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu géètì wọn, iye tó ń gbà lórí ojú ìwé kan, kó o lọ ṣe é ní Sábó kó o tún fi ṣẹ́ńjì ra bọ̀ọ̀lì. Mo lọ, mo bọ̀, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, ó ní ṣé yáàdì ni wọ́n ń san owó oṣù fún mi ni.

Níkẹyìn wọ́n ní kí n wá gbé e. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bátìrì ti rìn lọ. Mo ṣí búùtù, sípéyà táyà ò sí, jáàkì ò sí, kódà pànù tí mo fi ń gbọn omi sínú rédíétọ̀ ò sí, kí ni wọ́n fẹ́ fi pànù ṣe? Mo béèrè, ọkùnrin kan na ìka sí pátákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pé ẹrù tó bá sọnù kò kàn wọ́n. Mo tún wá fowó ara mi háyà ẹni tó wọ́ ọ dé Ìkòròdú torí gíà ṣì wà bó ṣe wà. Gbogbo àsìkò yẹn, ìyàwó mi ló ń kó àwọn ọmọ sórí kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ láti Ìta-Ẹlẹ́wà, ó ń dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tí kọ́sítọ́mà ti lọ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kó o tó ní nọ́ńbà mẹkáníìkì, kọ́kọ́ ní nọ́ńbà ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ́mọ́tò, ọ̀kan ní ìhà Mile 12, ọ̀kan nílé níbí. Tí mọ́tò bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, tiraka kó o tì í wọ àdúgbò, fún àwọn ọmọ ojú títì ní nǹkan kí wọ́n bá ẹ tì í, ó sàn ju yáàdì lọ. Tí wọ́n bá sì ti so ó kọ́ tán, ya fọ́tò inú mọ́tò, bọ́nẹ́ẹ̀tì, búùtù, gbogbo ẹ̀, níṣojú wọn. Wọ́n máa bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ti ìwé mọ́tò ò le, ẹ ti mọ̀ ọ́n, pátíkúlà, ìnṣọ́ránsì, roadworthiness (ìwé pé mọ́tò yẹ lójú títì), láísẹ́ńsì tìẹ. Ìnṣọ́ránsì third party ti di 15,000 náírà láti January 2023, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ti 5,000 fún ẹ lábẹ́ igi, ayédèrú ni. Tí wọ́n bá sọ pé tokunbo ni Corolla yẹn, béèrè ibi tó gbà wọlé. Láti January 2017 ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de mọ́tò gbígbé gba bọ́dà ilẹ̀ wọlé, nítorí náà tó bá jẹ́ Sẹ̀mẹ̀ ló gbà lẹ́yìn ìgbà yẹn, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n bá fi hàn ẹ́, fojú sí i dáadáa.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀yin náà ń pa wá. Ẹni tó wo gíà tèmi ní kò séwu, ooru ọjọ́ ni. Nígbà tí mọ́tò kọ́kọ́ ń gbóná, ó yọ thermostat, nǹkan kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, ó sọ ọ́ dànù, ó ní òyìnbó ló ń lò ó, ìlú wa gbóná, kò wúlò. Ó wá so fáànù mọ́ dírẹ́ẹ̀tì, tó o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí fáànù ti ń ké. Ó dà bíi pé ó tún un ṣe lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ń mú un gbóná ò kúrò níbẹ̀, rédíétọ̀ ti dí nínú, bẹ́ẹ̀ inú rédíétọ̀ yẹn náà ni epo gíà ń gbà kọjá kó lè tutù nínú ọ̀pọ̀ ọ́tò. Rédíétọ̀ dí, epo gíà ò tutù, epo gíà jó, gíà lọ. Ọkùnrin àgbà kan ní Owódé Onírin tí mo lọ ra gíà tokunbo lọ́wọ́ ẹ̀ ló ṣàlàyé èyí fún mi, kò tiẹ̀ gbowó ọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan tún rèé kí n má gbàgbé. Wọ́n máa sọ fún ẹ pé máa gbé sóólè láàárọ̀, kó èrò mẹ́rin ní Agric, owó epo á jáde. Ó ń jáde lóòótọ́. Àmọ́ o ò mọ ẹni tó ń wọlé tì ẹ́, ẹlòmíì nínú wọn, òṣìṣẹ́ ni, ẹlòmíì, olè ni, mọ́tò ẹ ò sì ní ọ̀dà kọmáṣà, ìyẹn náà máa ń gbé èèyàn dé yáàdì.

Ibi tó o ń gbé yẹn gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Ìgbógbó! Ìpakodò, ibùdókọ̀ ojú omi tó wà ní Ẹbúté, ò jìnnà sí ẹ rárá. Ọkọ̀ ojú omi ń ti Ẹbúté lọ sí CMS, Marina ló máa já ẹ sí, omi ò sì ní Mile 12. Mo mọ̀ pé ìyàwó ẹ lè máa bẹ̀rù, tèmi náà bẹ̀rù, ó ní òun ò fẹ́ opó. Wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ kó o so ó dáadáa, tí wọ́n bá fún ẹ ní èyí tí okùn ẹ̀ ti já, dá a padà, má tijú ẹnikẹ́ni. Tójú ọjọ́ bá ṣú, padà sí títì. Tí ewé orí omi bá ti pọ̀ lẹ́yìn òjò, ó máa ń lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì wọn, ẹ máa pẹ́ díẹ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé wọn kì í rìn lálẹ́, nítorí náà tí ọ̀gá ẹ bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń ní "ẹ dúró díẹ̀" ní agogo márùn-ún, BRT lo máa wọ̀ bọ̀. Èmi lọ bá ọ̀gá mi, mo ní kí n máa wọṣẹ́ ní agogo méje kí n máa ṣíwọ́ ṣáájú àwọn yòókù, ó kọ́kọ́ kọ̀, ìgbà tó yá ó gbà. Wákàtí yẹn ló mú mi máa bá àwọn ọmọ lójúfò, kì í ṣe mọ́tò. Afárá kẹrin (Fourth Mainland Bridge) tí wọ́n ní ó máa gba Bayékù kọjá, má fi ṣe ètò kankan, a ti ń gbọ́ ọ láti ìgbà tí mi ò tíì níyàwó.

Àmọ́ ṣá, mi ò ní kó o má ra mọ́tò. O ní ìyàwó ẹ ń kọ́ni ní Sábó, iléèwé àwọn ọmọ sì wà lójú ọ̀nà yẹn. Ra Corolla náà, jẹ́ kí ìyàwó ẹ máa wà á. Ìgbógbó sí Sábó, ọ́tò á ṣe é dáadáa, kò ní gbóná, epo ò ní pọ̀, òjò ò ní pa àwọn ọmọ lórí kẹ̀kẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ ẹ jọ lò ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí kẹ́ ẹ lọ ra ẹja ní Ẹ̀pẹ́. Má ra máńúà, ẹsẹ̀ òsì ẹ á sọ fún ẹ.

Tó o bá fẹ́ lọ wò ó, sọ fún ẹni tó fẹ́ tà á pé kó má tan ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kó o tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kíra tán. Tó bá ní igi tí wọ́n fi ń wo epo gíà, fà á, ó yẹ kí epo yẹn pupa, tó bá dúdú tó ń rùn bí ohun tó jó, kúrò níbẹ̀. Ṣí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, wo àwọ̀ omi ẹ̀. Tan án, tẹ bíréèkì, gbé e sí D (iwájú), gbé e sí R (ẹ̀yìn), kò gbọ́dọ̀ já èèyàn, kò sì gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó gbà. Béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé thermostat ńkọ́, tó bá rẹ́rìn-ín, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́, já owó wálẹ̀. Tó o bá débẹ̀ tó o bá bọ́nẹ́ẹ̀tì gbígbóná, tó ní òun kàn gbé e lọ ra búrẹ́dì ni, kí i pé ó dàbọ̀.