Ẹ má fi ṣúgà sáré lé ìwọ̀n ọmọ

Ìyá ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi o. Ẹ ní kílò 2.3 ni ọmọ yín lọ́jọ́ tí ẹ bí i, ó ti pé oṣù 4, ọyàn nìkan ló ń mu, ìyá ọkọ yín sì ní kí ẹ máa fún un ní ògì oníṣúgà kó lè tètè sanra. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Èmi ṣe é fún àkọ́bí mi.

Kílò 2.2 ni tèmi. Ojú ń tì mí láti gbé e jáde. Mo ń po mílíìkì alágolo lé ọyàn, nígbà tó pé oṣù 3 mo fi ògì kún un, ṣíbí ṣúgà mẹ́ta sínú ife kan. Bó bá yíjú kúrò, màá tún ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi ṣẹ́po. Bí mo bá pọ̀n ọ́n dé ọjà Atákúnmọ́sà, àwọn ìyá á ní mo mọ ọmọ tọ́.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 8, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú gbo ó títí ọmọ fi ń sunkún, kò ṣí. Àṣé ara rẹ̀ ni kò gbọ́ ti insulin mọ́ bó ṣe yẹ, ìyẹn èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ti ń ru ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àtọ̀gbẹ kò tíì dé, àmọ́ ọ̀nà ibẹ̀ ni ọmọ mi ń tọ̀.

Dókítà ní kí n wá káàdì ìwọ̀n rẹ̀ ti ìgbà ọmọ ọwọ́ wá. Ó fi ìka tọ ilà tó ń fi hàn bí ìwọ̀n ọmọ mi ṣe ń gòkè: láàárín oṣù 3 sí 9, ó fò kọjá méjì nínú àwọn ilà tí wọ́n ti tẹ̀ sórí káàdì láti fi hàn bí ọmọ ṣe ń dàgbà, gígùn ọmọ kò sì bá a lọ. Ó ní ọmọ tí a bí ní kékeré, tí a wá fi oúnjẹ lé ìwọ̀n rẹ̀ ní eré, ọ̀rá ló sábà máa ń kó jọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ewu rẹ̀ pọ̀ sí i.

Ó dùn mí, torí ó yẹ kí àwa ará ibí mọ káàdì yẹn lò ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà níbí, ń wọn àwọn ọmọ ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, ibẹ̀ ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀ dé ilẹ̀ òkèèrè.

Ọyàn nìkan ni mo fún ọmọ mi kejì fún oṣù 6. Lẹ́yìn náà, ògì tí mo lọ ẹja tàbí ẹ̀wà sí, kò sí ṣúgà. Bó bá ti yíjú, mo dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ọmọ náà gbẹ. Mo dákẹ́, mò ń wo ilà rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ febi pa á o. Ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ dàgbà. Bí ilà náà bá dúró sójú kan tàbí tó ń wálẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá. Àmọ́ bó bá ń bá àwọn ilà tó kù gòkè, ẹ gbé káàdì náà lé ìyá ọkọ yín lọ́wọ́, kí ẹ fi hàn wọ́n pé ọmọ wọn ń yó.