Ẹ Bi Wá: Ṣé Ìwé Tí A Kà Sí Ẹlòmíràn Létí Kì Í Ṣe Ìwé Kíkà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n lálaalẹ́, bí a bá ti jẹ iyán tán, ọmọ mi obìnrin máa ń kàwé sí i létí: Bíbélì lónìí, ìwé ìròyìn yín lọ́la. Ayálégbé kan nínú ilé wa, tí ó kàwé gan-an, ní eré ọmọdé ni èyí, pé ohun tí ó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ga ni pé oníkálukú wọn ń jókòó ti ìwé tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? *Ìyá oníṣòwò kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà dáwọ́ dúró. Ohun tí ayálégbé yín sọ kò bá ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mu, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, etí ni púpọ̀ nínú wọn fi ń kàwé.

Ní ọdún 1543, nígbà ayé Ọba Henry Kẹjọ, wọ́n ṣe òfin kan lórí ẹni tí ó lè ka Bíbélì tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin ọlọ́lá lè kà á fún agboolé rẹ̀. Obìnrin ọlọ́lá lè kà á fún ara rẹ̀ nìkan, kò gbọdọ̀ kà á sí ẹlòmíràn létí. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ọmọ iṣẹ́, àgbẹ̀, alágbàṣe àti àwọn obìnrin yòókù kò gbọdọ̀ kà á rárá. Òfin náà kò pẹ́ nílẹ̀, wọ́n wọ́gi lé e ní 1547 lẹ́yìn tí ọba wàjà. Síbẹ̀, bí ìwé tí a kà sókè bá jẹ́ eré ọmọdé, kí ni ọba ń bẹ̀rù tí ó fi ṣòfin lé e lórí?

Àwọn tí ìwé kún ilé wọn pàápàá ń fetí gbọ́ ìwé. Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun ojú omi ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kọ ohun tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ sílẹ̀ láti 1660 sí 1669. Ó ń kàwé nínú ọkọ̀ lórí odò Thames, ó ń kàwé bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, ìwé bí 3,000 ni ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú. Nígbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kàwé fún un, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé Pepys kò kàwé mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ó dùn mọ́ mi jù lọ. Láàrin 1846 sí 1848, Charles Dickens ń gbé ìtàn kan jáde ní apá kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, sílè kan ni wọ́n ń ta apá kan. Obìnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa bá àwọn ènìyàn gbálẹ̀, kí ó sì máa nu ilé wọn, kò mọ̀wé, ilé tí wọ́n ti ń ta aáṣáà ni ó sì háyà yàrá sí. Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn ayálégbé ilé náà á péjọ, wọn á pèsè tíì, onílé á sì ka apá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fún wọn. Ẹni tí kò bá dá owó tíì kò ní mu tíì, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́ ìwé náà. Nígbà tí obìnrin yìí mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ ìtàn náà, ẹnu yà á, nítorí ó ti rò pé ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni yóò ti pawọ́ pọ̀ kọ ọ́. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ òǹkàwé tòótọ́ nìyẹn. Kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n ó ti fetí sí ìtàn náà débi pé ó mọ bí iṣẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Mo mọ irú rẹ̀ nílé. Ní Ìlawẹ̀, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí létà bá dé láti Gáná, ìyá àgbà wa á ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà á ní kí n fi ibi tí orúkọ òun wà han òun, á sì fi ìka lé e fún ìgbà pípẹ́.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọ ilé ìwé mi ń sọ pé iṣẹ́ oko, àìsí iná àti ọ̀wọ́n ìwé ni kò jẹ́ kí àwọn máa kàwé. Báwo ni àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣe é láyé àtijọ́? *Olùkọ́ kan, Ìjerò-Èkìtì.*

Ìdáhùn: Ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọmọ yín kì í ṣe irọ́, ẹ má sì nà wọ́n nítorí rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba owó orí lórí fèrèsé láti 1696 títí di 1851, ó sì gba owó orí lórí àbẹ́là títí di 1831, tí ó túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ àti ti alẹ́ jọ di ohun tí à ń sanwó fún. Láti 1815, kọ́bọ̀ mẹ́rin owó orí wà lórí ìwé ìròyìn kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó sọ ìwé ìròyìn di kọ́bọ̀ méje. Ìyẹn kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, tí méjìlá rẹ̀ jẹ́ sílè kan. Àwọn òṣìṣẹ́ á dáwó jọ ra ẹyọ kan, ẹni tí ó mọ̀wé láàrin wọn á sì kà á sókè nílé ọtí tàbí níbi iṣẹ́.

Ẹ sọ ìtàn David Livingstone fún wọn, ẹni tí a mọ̀ sí míṣọ́nnárì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ẹ̀rọ òwú ní Blantyre, ní Skọ́tíláǹdì, láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ di mẹ́jọ alẹ́. Ó fi díẹ̀ nínú owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ra ìwé gírámà Látìn. Á gbé ìwé lé orí ẹ̀rọ tí ó ń ran òwú, á ka gbólóhùn kan bí ó bá ti ń kọjá, á ka òmíràn bí ó bá ń padà bọ̀. Lálẹ́, ìyá rẹ̀ ní láti já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè sùn.

Ti John Clare, ọmọ alágbàṣe tí ó padà di akéwì, máa ń ká mi lára jù. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó fẹ́ ra ìwé ewì kan tí iye rẹ̀ jẹ́ sílè kan àti sísì, ìyẹn kọ́bọ̀ mẹ́fà. Ó fún ọmọ mìíràn ní kọ́bọ̀ kan kí ó bá òun ṣọ́ ẹṣin, ó sáré lọ sí Stamford, ó sì débẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ó ń padà bọ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun kí òun máa kàwé lọ́jọ́ iṣẹ́, nítorí náà ó fo ògiri wọ ọgbà ńlá ọlọ́lá kan, ó jókòó síbẹ̀, ó ń kà á.

Bí ọmọ yín kan bá ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ igi kòkó, olùkọ́, ẹ fi ṣe tiyín.

Ìbéèrè: Nígbà wo gan-an ni ìwé wá dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù níbẹ̀? *Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì.*

Ìdáhùn: Díẹ̀díẹ̀ ni. Òfin ilé ìkàwé gbogbogbòò jáde ní 1850, ti Manchester sì ṣí ní 1852, níbi tí ènìyàn ti lè yá ìwé láìsan kọ́bọ̀. Owó orí ìwé ìròyìn kúrò ní 1855. Ní 1935 ni Allen Lane, tí ó ń tẹ ìwé jáde, gbé ìwé Penguin, ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀, jáde ní sísì kan, iye tí wọ́n ń ta sìgá mẹ́wàá, wọ́n sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù Woolworth, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń ra ife àti abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá rí àgbà tí ó ná sísì rí, ẹ bi í ní ohun tí ó lè rà á ní Ọjà Ọba, ẹ ó mọ bí ìwé náà ti pọ́ọ́kú tó.